Ẹ̀rí tí Olúbùsọ́lá Jẹ́ Lórí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀

Wọ́n ní torí pé Olúbùsọ́lá purọ́ níwájú pẹpẹ ni Ọlọ́run fi yí ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbọ́ ọ ní ọjà East Street, níbí ní ìlú òyìnbó, níbi tí mo ti ń ṣa ẹja gbígbẹ. Mo tún gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́nu obìnrin kan tí kò fi ẹsẹ̀ kan ìjọ wa rí, tó ń ṣàlàyé bí ẹni pé orí ìjókòó iwájú ló wà lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ó dúró gbangba, ó ní ara òun ti dá, ó sì mọ̀ pé kò dá. Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe mú un?” Kí n tó rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn, ó ti sọ̀ kalẹ̀.

Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jẹ́rìí, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ̀ wọ́, ó sì ti jókòó ní ilé ìdáná mi tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láìfi ọ̀kan pamọ́. Olúbùsọ́lá kò purọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló sọ fún wa. Bí ẹnikẹ́ni bá purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, àyẹ̀wò kò sì ní ẹnu tí ẹnì kan máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ó ti pẹ́ ní ìlú yìí. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ní River Road ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́lẹ́wà, ló sì ń gbé ní àdúgbò Alibon. Ọkọ wà nígbà kan. Ká fi tìyẹn sílẹ̀. Obìnrin gíga ni, tẹ́ẹ́rẹ́, kì í yára rìn, kì í pariwo. Tí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní ìdúró bọ́ọ̀sì, ẹ lè má rí i rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó lé orin! Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, òun ló sì máa ń dúró síwájú kúáyà. Ohùn rẹ̀ kì í bú gbàmù bíi ti àwọn kan. Bí omi tí wọ́n gbé ka iná ni, á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí o tó mọ̀, gbogbo ilé ti ń hó. Tí àwọn ará Ilford bá ń ṣe ìkórè, wọ́n á wá yá a lọ́wọ́ wa. Ní ilé ìfọṣọ, ọ̀gá kan tó kéré sí ọmọ rẹ̀ ló ń ké mọ́ ọn pé kó ṣe kíá. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, “Ìyá Tìmí, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọwọ́ lásán ni mo jẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo tó ń di ènìyàn.” Iwájú kúáyà yẹn nìkan ló ní ní ilẹ̀ yìí. Kẹ́ ẹ rántí ìyẹn, torí òun ni gbogbo ìjà náà dá lé.

Ní òpin oṣù Karùn-ún, nígbà ọlidé, ìjọ wa máa ń lọ gbàdúrà nínú igbó kan ní Essex, kọjá Romford. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà, ilẹ̀ mímọ́ ni ibi tó dúró. Ní etíkun Èkó, iyanrìn ni, kò sí wàhálà. Níbí, koríko tó ga dé orúnkún ni, ewé jíjẹrà, igi tó wó sílẹ̀, àárín rẹ̀ la sì kúnlẹ̀ sí. Olúbùsọ́lá lé orin títí, ó dojú bolẹ̀, koríko bò ó mọ́lẹ̀. Ara gbogbo wa yá lọ́jọ́ náà. A jẹ ìrẹsì tí a gbé dání, a wọ bọ́ọ̀sì, a padà sílé.

Nígbà tó ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan lẹ́yìn orúnkún. Ó rò pé èépá ni. Ó pe Ọmọ́lẹ́wà pé kó bá òun wò ó.

“Mọ́mì, ó ní ẹsẹ̀!”

“Kí ló ní ẹsẹ̀?”

“Nǹkan yìí! Ó ń mira! Tíìkì ni, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ajá.”

“Eégbọn? Ọmọ́lẹ́wà, ṣé ajá ni ìyá ẹ ni?”

Ó fi èékánná fà á já, ó jù ú sínú tọ́lẹ́ẹ̀tì, ó da omi sí i. Nígbà tó sọ ọ́ fún wa níbi tí a ti ń kọ́ orin, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Ìyá Adétòkunbọ̀, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú kúáyà, bẹ̀rẹ̀ sí gbó bí ajá. Bó bá ti fẹ́ lé orin, òun á gbó. Olúbùsọ́lá alára rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ló mọ̀? Ní ìlú wa, gbogbo èèyàn ló ti fa eégbọn kúrò lára ajá rí, kò sì sí ẹni tó tìtorí ẹ̀ dé ilé dọ́kítà.

Kò pẹ́ sígbà náà tí nǹkan roboto kan jáde níbi tí eégbọn náà ti jẹ ẹ́. Wọ́n ní lára òyìnbó, á pupa yòò, á ní òrùka yí ara rẹ̀ ká. Lára tiwa, kí ló fẹ́ pupa? Ó kàn ṣú ju ara tó kù lọ ni, bí ibi tí èèyàn fi gbá etí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Adétòkunbọ̀ wò ó, ó ní, “Làpálàpá nìyí jàre.” Ó bá a ra kírìmù ní ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà kan ní Barking. Olúbùsọ́lá ń pa á, nǹkan náà ń fẹ̀ sí i. Ìyá Adétòkunbọ̀ ní bí làpálàpá ṣe ń ṣe nìyẹn, pé òògùn ló ń sá fún.

Nígbà tí ibà dé, tí ọrùn ń ro ó, Ọmọ́lẹ́wà fà á lọ sọ́dọ̀ GP, dọ́kítà àdúgbò. Dọ́kítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wo ẹsẹ̀, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wọn. Àwòrán itan òyìnbó wà níbẹ̀, funfun báláú, òrùka pupa lórí rẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n rí i pé tiwọn kò jọ ọ́.

Ọmọ́lẹ́wà ní, “Dọ́kítà, ìyá mi kì í ṣe òyìnbó. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó jọ ọ́?”

Ìyá rẹ̀ fún un léèékánná nítan. Dọ́kítà kò bínú ṣá. Ó ní ká má fi ọ̀rọ̀ gùn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àrùn tí wọ́n ń pè ní Láìmù, èyí tí eégbọn máa ń kó ran èèyàn, kó lè dá gbogbo wọn lójú. Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ yẹn o: kó lè dá gbogbo wọn lójú.

Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ náà bi í pé ìgbà wo ni eégbọn jẹ ẹ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní, “Ó ti yá díẹ̀ o. Bí wọn ò bá rí nǹkan, tí ara sì ń ro yín, ẹ padà wá tó bá pé bí oṣù kan, ká tún un yẹ̀ wò.” Ìyá gbọ́, ọmọ gbọ́.

Àbájáde wọlé sórí fóònù rẹ̀ ní ẹnu iṣẹ́. Wọn kò rí nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó dúpẹ́. Ibà náà sì lọ, bí ẹni pé òun àti àbájáde ti jọ sọ ọ́. Nǹkan ẹ̀yìn orúnkún náà bẹ̀rẹ̀ sí parẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá, ó tan àbẹ́là, ó dúró níwájú pẹpẹ.

“Ẹ bá mi yin Olúwa! Eégbọn jẹ mí nínú igbó àdúrà. Ọ̀tá ní àìsàn ni. Dọ́kítà gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n tú u wò, wọ́n wá a kiri, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ mi mọ́!”

Ìjọ pariwo Halelúyà. Bàbá Olúbọ̀dé, olórí ìjọ wa, dìde, wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n ní, “Ohun tí Ọlọ́run ti fọwọ́ sí, ènìyàn kan kò ní tún un yẹ̀ wò.” Gbogbo wa ní Àmín. Èmi náà ní Àmín, kíkan kíkan.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kì í ṣe ará wa. Nínú ìjọ tiwa, ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí o bá ti jẹ́ ẹ, tí àbẹ́là ti jó lé e lórí, o ti dì í nìyẹn. Ẹni tó bá tún padà lọ bi dọ́kítà nípa ohun tó ti dúpẹ́ lé lórí, aya Lọ́ọ̀tì ni, ẹ̀yìn ló ń wò. A kì í fi ìyà jẹ ẹ́ o. A kàn máa ń wò ó ni.

Nígbà tí oṣù náà pé, mo wà nílé wọn ní Alibon, mo lọ gba ìkòkò mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ sórí àga, orúnkún rẹ̀ wú bí ẹ̀kọ tí wọ́n dì. Ọmọ́lẹ́wà dúró lé e lórí.

“Mọ́mì, nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ padà wá. Ojú mi ló ṣe.”

“Mo ti jẹ́rìí, Ọmọ́lẹ́wà.”

“Ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí. Orúnkún yín kò jẹ́rìí. Ẹ wò ó!”

“Iṣẹ́ ni. Ìdúró ló fà á.”

“Orí tó ń fọ́ yín ńkọ́? Ṣé orí lẹ fi ń dúró ni?” Ó yíjú sí mi. “Àǹtí, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo ní, “Ìyá Ọmọ́lẹ́wà, kí ló burú nínú kí èèyàn tún lọ wò ó?”

Ó fi ọwọ́ bo orúnkún náà. “Ìyá Tìmí, bí mo bá lọ, tí wọ́n tún ní kò sí, mo ti fi àìgbàgbọ́ ba ọpẹ́ mi jẹ́ lásán. Bí wọ́n bá ní ó wà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìjọ? Pé Ọlọ́run ṣàṣìṣe?”

“Kẹ́ ẹ ní àyẹ̀wò ló ṣàṣìṣe,” ni Ọmọ́lẹ́wà wí.

“Àyẹ̀wò òyìnbó? Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ kì í purọ́, ọmọ mi. Èèyàn ló ń purọ́.”

Bó ṣe jókòó sílé nìyẹn. Kò sí ẹni tó dì í mú. Ohun tó gbà gbọ́ méjì, Ọlọ́run àti ẹ̀rọ, wọ́n ti jọ sọ ohun kan náà, ta ni í ṣe tó fẹ́ já wọn níyàn?

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Keje, ó dìde láti lé orin ìwọlé. Ó la ẹnu, ohun tó jáde kì í ṣe orin tí a mọ̀. Ètè rẹ̀ kò pàdé. Ọ̀rọ̀ ń yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ bí omi inú kẹ́tùrù tó jò. Kúáyà dákẹ́. Ojú rẹ̀ ọ̀tún là sílẹ̀ gbàgà, èyí tó kù ń ṣẹ́.

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé, “Ẹ̀mí ti dé!”

Háà. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ìyá kan gbé agogo, ó ń mì í sí i létí. Arákùnrin tó máa ń kọ ìran sílẹ̀ sáré mú bírò, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Máa wí, ìránṣẹ́ Olúwa, máa wí!” Olúbùsọ́lá ń fọwọ́ ṣe pé rárá, rárá, ó ń tọ́ka sí ojú rẹ̀. Wọ́n ní Ẹ̀mí ń fi àmì hàn. Itọ́ ń dà sára sùtánà rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí òun ń gbìyànjú láti sọ ni “Ẹ gbà mí.” Arákùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ń mi orí.

Ọmọ́lẹ́wà ló fi ìgúnpá la àárín wọn kọjá. “Ẹ kúrò lára ìyá mi! Ẹ gbé agogo yẹn kúrò! Ṣé ẹ ò lójú ni? Rọpárọsẹ̀ ni!” Ó ti ń pe áńbúláǹsì kí Bàbá Olúbọ̀dé tó sọ̀ kalẹ̀ látorí pẹpẹ.

Ní ọsibítù, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Wọ́n ní iṣan ojú ló kú tipiri, pé ó máa ń ṣe àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láìnídìí, pé á padà fúnra rẹ̀. Ọmọ́lẹ́wà sọ ọ̀rọ̀ eégbọn fún wọn. Dọ́kítà tó wà níbẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà.

“Wọ́n ti yẹ Láìmù wò. Kò sí.”

“Ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Ó wà níbí. Kò sí.”

Wọ́n fún un ní òògùn oníhóró díẹ̀ àti aṣọ kékeré tí á máa fi bo ojú tó bá fẹ́ sùn, nítorí pé ojú náà kò lè pa dé mọ́. Wọ́n ní kó máa lọ ilé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ó ṣì ń dùn mí. Ìjọ ní kò sí, nítorí àyẹ̀wò ní kò sí. Ọsibítù náà ní kò sí, nítorí àyẹ̀wò ní kò sí. Obìnrin náà jókòó sáàárín wọn, ojú rẹ̀ wọ́, omi ń dà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó bi ojú léèrè. Bí ẹ bá rí òjò tó ń rọ̀ lójú yín, ṣé ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ rédíò bóyá ó ń rọ̀?

Dọ́kítà obìnrin kan ló wá béèrè, ọmọ Íńdíà, nígbà tí Olúbùsọ́lá padà lọ kí wọ́n lè wo ojú náà. Ó kàn bi í ní ohun méjì: ìgbà wo ni eégbọn jẹ yín, ìgbà wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀? Nígbà tó gbọ́, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ó ti yá jù. Ó tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rí i, kedere.

Olúbùsọ́lá ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní ilé ìdáná mi, ó ń fi ọwọ́ di igun ẹnu mú kí ọ̀rọ̀ má bàa jò. Ó ní, “Ìyá Tìmí, àṣé kì í ṣe kòkòrò náà ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ara mi kó jọ láti fi bá a jà ni wọ́n ń wá, ìyẹn sì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ó dà bí kí olè wọ ilé, kí àdúgbò má tíì jí. Ìwọ wá yọjú sí títì, o ní o fẹ́ mọ̀ bóyá olè wà. O ò rí ẹni tó ń lé e, o ní kò sí olè, o padà lọ sùn. Olè ń kó ẹrù lọ.”

Mo ní, “Ta ló sọ ti olè fún ẹ, dọ́kítà?”

“Èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀. Ti dọ́kítà, Gẹ̀ẹ́sì ni.”

Ó lo kápúsù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n ó lò ó tán. Orúnkún rẹ̀ tó wú rọlẹ̀. Orí fífọ́ lọ. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí pa dé. Igun ẹnu kan ni kò padà tán, ó fà sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín àbùkù. Ohùn ńkọ́? Ohùn wà. Ó kọ orin kan fún mi lẹ́nu síńkì níbẹ̀ yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yanjú. Mo ní ọpẹ́ ni, á padà síwájú kúáyà kí ìkórè tó dé.

Àṣé ẹnu ayé ti ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀.

Ìyá Adétòkunbọ̀ ló ti ń lé orin láti ọjọ́ tí Olúbùsọ́lá ti ń ṣàìsàn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, mi ò gbọ́ kó ní Olúbùsọ́lá purọ́. Ohun tó ń sọ ni pé, “Èmi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ń béèrè ni. Ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ tó jẹ́rìí, báwo ló ṣe wá dọ̀tí?” Bí wọ́n ṣe máa ń ba èèyàn jẹ́ nìyẹn, wọ́n á ní àwọn ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó gbọ́ ọ á fi tiẹ̀ kún un. Kí oṣù tó parí, ó ti di pé Olúbùsọ́lá mọ̀ pé àìsàn wà lára òun tó fi dúró níwájú pẹpẹ, pé ibi tó ti purọ́ gan-an ni Ọlọ́run ti mú un, lẹ́nu. Nígbà tó padà wá jókòó láàárín wa, ìyá kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í ràn láti ara èèyàn sí ara èèyàn! Eégbọn ló ń gbé e kiri.

Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sọ́dọ̀ Bàbá Olúbọ̀dé. Bàbá kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn. Wọ́n ní ká jókòó, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ìjọ kò lè gbé ẹ̀rí méjì lórí ẹ̀jẹ̀ kan. Ọ̀kan ní ó mọ́, ọ̀kan ní kò mọ́. Lọ gba ẹ̀kẹta. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ó mọ́, èmi fúnra mi ni n ó fà ọ́ lọ́wọ́ síwájú kúáyà.”

“Bàbá, ara mi ti dá. Ẹ gbọ́ ohùn mi.”

“Mo gbọ́ ọ. Àwọn tó kù ni kò gbọ́.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gba àkọ́kọ́ gbọ́ nígbà náà?”

Bàbá ní, “Ìwọ lo ní ká gbà á gbọ́.”

A dìde, a kí wọn, a jáde. 

Ó gba ilé GP lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ́sí ló bá. Ìyẹn ní wọn kì í tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìtọ́jú, pé kò wúlò. Olúbùsọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé nítorí ìjọ òun ni. Ó wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé, ó gba ẹ̀jẹ̀ náà, bóyá torí àánú. Àbájáde dé: ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní kí ló wá dé, ṣé òògùn kò ṣiṣẹ́ ni? Dọ́kítà ní ó ṣeé ṣe kó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, pé ohun tí ara kó jọ láti fi jà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí àrùn ti lọ. Olè ti sá lọ, àwọn tó ń lé e kọ̀, wọn ò padà sílé, wọ́n dúró sí títì pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Àyẹ̀wò yọjú, ó rí wọn, ó ní olè wà. Nígbà tí olè wà, ó ní kò sí. Nígbà tí kò sí mọ́, ó ní ó wà. Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹlẹ́rìí wo nìyẹn?

A padà sọ́dọ̀ Bàbá. Àwọn àgbà mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Adétòkunbọ̀ náà sì wà níbẹ̀, ó ń to ìwé orin. Olúbùsọ́lá sọ gbogbo rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó di igun ẹnu mú.

Bàbá ní, “Irú àyẹ̀wò wo ni kì í mọ ìgbà tí àìsàn lọ?”

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, “Bàbá, òun náà ni àyẹ̀wò tí kò mọ ìgbà tí àìsàn dé. Ìgbà yẹn, a tan àbẹ́là fún un.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ìyá Tìmí, ẹ̀yin náà ti di dọ́kítà!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Adétòkunbọ̀ ní, “Dọ́kítà Eégbọn!” ó sì gbó lẹ́ẹ̀kan, wóò, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo wo Olúbùsọ́lá. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tó fà sókè jẹ́ kó dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ìyẹn ló sì bà mí nínú jẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá Adétòkunbọ̀ ni á lé orin ìkórè.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìkórè, mo lọ sí Alibon. Ó ń ká aṣọ ní pálọ̀, bí wọ́n ṣe ń ká a níbi iṣẹ́, etí pàdé etí. Ó ń kọ orin ìkórè náà lábẹ́nu, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ gbogbo kúáyà. Nígbà tó rí mi, ó dákẹ́.

Mo ní, “Bùsọ́lá, lọ́la, bí wọ́n bá ti ní ta ló ní ẹ̀rí, èmi ni n ó dìde. N ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí eégbọn dé orí kápúsù. Kí wọ́n lé mi jáde.”

Ó gbé aṣọ tó ká tán lé orí ìyókù, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

“Wọ́n á bi yín pé ẹ̀rí dà. Kí lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n, Ìyá Tìmí?”

“Ìwọ fúnra ẹ. Kó o dìde, kó o kọrin.”

Ó mi orí. Ó sin mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ nígbà tó di ilẹ̀kùn mú, kò sì sọ nǹkan mìíràn fún mi lẹ́yìn èyí, torí kò wá sí ìjọ lọ́jọ́ kejì, kò sì tíì wá títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní, “Ara mi ti dá. Èmi tí mo ni ara ni mo mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ni kò tíì gbà, kò sì burú. Èmi àti ẹ̀jẹ̀ mi á jọ máa gbé níbí, kí àwọn náà máa gbé inú ìjọ wọn.”